Owó Orí Ayélujára Àti Ọgbọ́n Òṣómàáló

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan sí i, ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ wa ni mo kọ́kọ́ rò pé n ó kọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tí ọmọ kíláàsì SS3 kan bi mí lẹ́yìn iṣẹ́ ìṣirò kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní, “Sà, bàbá mi ti fún mi ní owó ìdánwò WAEC. Ẹnì kan ní kí n fi ra Bitcoin ná, pé kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, yóò ti di ìlọ́po méjì. Ṣé òótọ́ ni, Sà?”

N kò lè bá ọmọ náà wí, nítorí èmi náà ti jìn sí irú ọ̀fìn bẹ́ẹ̀ rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, mo kó o sínú ètò kan tí wọ́n ní yóò máa mú èrè wá lóṣooṣù. Mo gba èrè fún oṣù méjì. Nígbà tí ó di oṣù kẹta, ojú ewé wọn lórí ayélujára kò ṣí mọ́. Oṣù méjìdínlógún gbáko ni mo fi san gbèsè owó tí n kò ná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé, tí mo sì ń wádìí, lórí ọ̀ràn owó tí à ń pè ní kirípítò. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín fún gbogbo wa. Ọgbọ́n tí àwọn òṣómàáló, àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, fi ṣòwò ni yóò sì jẹ́ òpó tí n ó fi ẹ̀yìn tì.

Láti orí ẹyọ dé orí náírà

Kí a tó lè lóye owó tuntun, ó yẹ kí a rántí owó àtijọ́. Owó ẹyọ ni àwọn baba ńlá wa ná fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Inú òkun Íńdíà, ní àwọn erékùṣù Maldives, ni wọ́n ti ń kó o kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ó sì ń kún àpò kan. Àpò náà ni à ń pè ní ọ̀kẹ́, òun ni ó sì di orúkọ 20,000 nínú òǹkà Yorùbá títí di òní.

Kí ni ó mú kí ẹyọ níye lórí? A kò lè jẹ ẹ́, a kò sì lè fi kọ́lé. Ohun méjì ni ó gbé e ró: èkíní ni pé gbogbo ọjà fohùn ṣọ̀kan láti gbà á; èkejì ni pé kò rọrùn láti rí ní ilẹ̀ wa. Nígbà tí èkejì yẹ̀, owó náà yẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì láti ìlú Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí kó irú ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar. Ẹyọ yìí tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì pọ̀ níbẹ̀ jáǹtìrẹrẹ. Ẹyọ kún ọjà, ohun tí a ń fi ẹgbàá kan rà tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí ẹgbàá púpọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rà mọ́. Lẹ́yìn ẹyọ ni owó àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 1973 ni náírà àti kọ́bọ̀ wá gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tí ń ná owó, àti ìkóníjàánu iye rẹ̀, ni ẹsẹ̀ méjì tí owó fi ń dúró. Ẹni tí ó bá di èyí mú yóò lóye Bitcoin.

Ohun tí Bitcoin jẹ́

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2008, ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé kékeré kan jáde lórí ayélujára. Títí di òní, ayé kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ni tàbí àwùjọ ènìyàn. Ìwé náà ṣàlàyé bí ènìyàn méjì ṣe lè fi owó ránṣẹ́ sí ara wọn láìsí báńkì láàárín wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kínní ọdún 2009, ètò náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí a bá fi owó pamọ́ sí báńkì, báńkì ni ó ni ìwé tí a kọ ọ́ sí. Ti Bitcoin kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ kan náà ni ó wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé. Ẹ fi wé ẹgbẹ́ aláàjọ kan tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, tí wọ́n sì jọ ń kọ ohun kan náà sínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá yí ti ọwọ́ rẹ̀ padà, ìwé àwọn yòókù yóò tú àṣírí rẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń fi ojú ìwé tuntun kan kún un, a sì ń so ojú ìwé kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tí ó ṣáájú bí ẹ̀wọ̀n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní blockchain.

Ta ni ó ń kọ ojú ìwé tuntun náà? Kọ̀ǹpútà tí ó bá kọ́kọ́ yanjú ìṣirò líle kan ni, Bitcoin tuntun ni wọ́n sì fi ń san owó iṣẹ́ rẹ̀. Àwa ará Ìjẹ̀ṣà kò níláti lọ jìnnà kí a tó lóye èyí. Ní agbègbè Ìtagúnmodì, àwọn ènìyàn ń gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń fọ iyanrìn láti àárọ̀ di alẹ́ kí wọ́n tó rí wúrà bíńtín. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún wíwa wúrà náà ni wọ́n ń lò fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wọ̀nyí. Àagùn ni ti awakùsà; iná mànàmáná rẹpẹtẹ ni ti Bitcoin.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Bitcoin 50 ni owó iṣẹ́ ojú ìwé kan. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin, ó ń dínkù sí ìdajì: ó di 25 ní ọdún 2012, 12.5 ní 2016, 6.25 ní 2020, àti 3.125 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ kò ní lè ju 21,000,000 lọ láéláé. Ní òǹkà àwọn baba wa, ọ̀kẹ́ ẹgbẹ̀rún ó lé àádọ́ta nìyẹn. Kò sí ọkọ̀ tí ó lè lọ kó òmíràn kún un láti Zanzibar.

Ìdí tí iye rẹ̀ fi ń lọ sókè sódò

Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà fi Bitcoin 10,000 ra píísà méjì. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ẹyọ Bitcoin kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $20,000. Ọdún kan lẹ́yìn náà, kò tó $4,000 mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó $69,000. Nígbà tí ọdún kan tún yí po, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí $16,000. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ó kọjá $100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ mú bírò. Ẹni tí ó fi $1,000 rà á ní oṣù Kọkànlá 2021, tí ó sì nílò owó rẹ̀ ní oṣù kan náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nǹkan bí $230 ni yóò bá níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó lè dúró títí di òpin 2024 jèrè. Ṣùgbọ́n owó ìdánwò kì í dúró de ọdún mẹ́ta.

Kí ni ó fà á? Èkíní, bí iṣu bá wọ́n lọ́jà, àwọn àgbẹ̀ yóò gbin púpọ̀ sí i ní ọdún tó ń bọ̀, owó rẹ̀ yóò sì rọ̀. Bitcoin kò ṣe é gbìn kún. Bí olùrà bá pọ̀, orí iye owó nìkan ni gbogbo ìwúwo náà yóò bọ́ sí. Bí wọ́n bá sá, orí rẹ̀ náà ni.

Èkejì, ilé ń mú owó háyà wá, oko kòkó ń so. Bitcoin kì í so, kì í sì í mú háyà wá. Ohun tí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn bá gbà láti san ni iye rẹ̀. Nítorí náà ìròyìn a máa tì í síwá sẹ́yìn. Nígbà tí ìjọba Ṣáínà fòfin dè é ní ọdún 2021, ó já wálẹ̀. Nígbà tí ilé pàṣípààrọ̀ FTX wó ní oṣù Kọkànlá 2022, ó tún já. Nígbà tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà gba àwọn ilé ìdókòwò ńlá láyè ní oṣù Kínní 2024 láti máa ta ìpín tí ó dúró lórí Bitcoin, ó ru sókè.

Ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń rà á ló ń yá owó rà á. Bí iye bá dínkù díẹ̀, ẹni tí ó yá wọn lówó yóò tà á lójú ẹsẹ̀ kí tirẹ̀ má bàa ṣègbé. Títà náà yóò tún mú kí iye já sí i.

Ẹ̀kẹrin kan àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 lọ́dọ̀ ìjọba. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tí ó ní kirípítò ní àkókò náà rí i pé náírà òun pọ̀ sí i, ó sì rò pé òun jèrè ńlá. Lóòótọ́, náírà ni ó rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun, àti àwọn tí ń kó ọjà wọlé, fi ń lo irú kirípítò tí a so mọ́ dọ́là, bíi USDT. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo okùn ni ó yi. TerraUSD, tí wọ́n ní ẹyọ kan rẹ̀ yóò máa jẹ́ dọ́là kan títí, di ohun tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ níye lórí mọ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022.

Ohun tí ó ń dènà lílò rẹ̀

Báńkì Àpapọ̀ Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà kìlọ̀ nípa kirípítò ní ọdún 2017. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 2021, ó pàṣẹ kí àwọn báńkì ti àkáǹtì ẹnikẹ́ni tí ó bá ń fi ṣòwò. Àwọn ènìyàn kò jáwọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rà á lọ́wọ́ ara wọn, kí olùrà sanwó sí àkáǹtì ẹni tí ń tà. Èyí ní ewu tirẹ̀: bí ó bá jẹ́ owó olè ni olùrà san, àkáǹtì ẹni tí ó tà á lè di títì láìmọwọ́-mẹsẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ gbé eNaira jáde, ṣùgbọ́n kò gbilẹ̀ láàárín àwọn ará ọjà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, báńkì náà dẹ òfin rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ìjọba mú àwọn ọ̀gá méjì ilé pàṣípààrọ̀ Binance sí àhámọ́, Binance sì yọ náírà kúrò nínú òwò rẹ̀ ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin ìdókòwò tuntun tí ó fi irú ohun ìní yìí sábẹ́ àkóso àjọ SEC. Láti ìkìlọ̀ dé ìfòfindè, láti ìfòfindè dé òfin tuntun, ọdún mẹ́jọ péré ni. Ẹni tí ó bá wọ inú òwò yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ abẹ́ ẹsẹ̀ òun ṣì ń yí.

Yàtọ̀ sí ti òfin, ẹ lọ sí ọjà Igbónà ní Òṣogbo tàbí ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà, kí ẹ ní ẹ fẹ́ fi Bitcoin ra gààrí. Ìyá ọjà kì í ṣe òpè bí kò bá gbà á. Ohun tí ó bá gbà láàárọ̀ lè dínkù kí ó tó ra ọjà tuntun lálẹ́. Ó níláti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí owó tó wọlé dájú, kí iná wà nínú fóònù rẹ̀, kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má sì lọ. Owó tí a ó máa ná níláti dúró jẹ́ẹ́. Nítorí náà, lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa, kirípítò jẹ́ ọjà tí à ń rà tí a sì ń tà ju owó tí à ń ná lọ.

Olè tí kò ní ẹnu ọ̀nà

Ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà a máa gbé aṣọ láti Iléṣà lọ sí Èkìtì, Àkókó àti ibi tí ó jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwìn ni wọ́n ń tà á, oníbàárà a sì máa san án díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí onígbèsè kò sanwó, oníṣòwò yóò lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò sì ní dìde àfi bí owó bá jáde. Ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ náà, òṣómàáló. Àwọn kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀: òṣómàáló mọ ẹni tí òun tà fún, ó mọ ilé rẹ̀, àwọn ará àdúgbò sì ń wò, ìtìjú yóò sì ṣiṣẹ́.

Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni owó orí ayélujára kò ní. Lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn ni ó dúró fún orúkọ ẹni tí a ń fi owó ránṣẹ́ sí. Kò sí ẹnu ọ̀nà tí a lè lóṣòó sí. Bí owó bá sì ti lọ, ó ti lọ. Kò sí máníjà báńkì tí ó lè fà á padà.

Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ni ó ń ṣí àpò kirípítò. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí 24. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni ó ni owó náà. Ẹni tí ó bá sọ wọ́n nù ti sọ owó nù. Bí a bá sì fi kọ́kọ́rọ́ wa sí ọwọ́ ilé pàṣípààrọ̀, ilé náà lè bàjẹ́, olè sì lè jà á. Ní ọdún 2014, Mt. Gox ní Jàpáànì kéde pé nǹkan bí Bitcoin 850,000 ti pòórá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rí 200,000 padà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àwọn olè kó nǹkan bí bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là lọ́dọ̀ Bybit. Àjọ FBI ti Amẹ́ríkà sì sọ pé àwọn ará Kòríà Àríwá ni.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń pa àwa jù kì í ṣe olè tí ó fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tí a fi ọwọ́ ara wa ṣílẹ̀kùn fún ni. Ètò MMM, tí ó dé Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015, ṣèlérí èrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù; ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ó ti owó àwọn ènìyàn pa. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, àwọn tí ó kó owó sínú ètò CBEX, tí ó ń fi orúkọ kirípítò ṣe bojúbojú, kò lè gba owó wọn mọ́. Ní Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa, àwọn ènìyàn ya wọ ọ́fíìsì tí ó jẹ mọ́ ètò náà, wọ́n sì kó ẹrù ibẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ ṣe bí òṣómàáló, ṣùgbọ́n ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nílé.

Ìṣirò ì bá ti gbà wá. Bí ₦100,000 bá ń jèrè ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù, tí a kò sì yọ èrè náà, yóò ju ₦2,300,000 lọ lópin ọdún kan. Bí ₦10,000 bá ń di ìlọ́po méjì lóṣooṣù, yóò di ₦40,960,000 lópin ọdún. Òwò wo ní abẹ́ ọ̀run ni ó ń pa irú èrè bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́dúró? Owó àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san ti àwọn tí ó ṣáájú, títí ẹni tí ń bọ̀ yóò fi tán.

Ìbéèrè mẹ́rin tí òṣómàáló ì bá bi

Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí.

Èkíní: ta ni ẹni yìí, níbo sì ni ilé rẹ̀ wà? Àjọ SEC ní àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó fún ní àṣẹ. Kí a wò ó fúnra wa; kí a má fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀rẹ́ ṣe ẹ̀rí. Kódà bí ìfiránṣẹ́ bá wá láti orí WhatsApp olùṣọ́-àgùntàn wa tàbí ọmọ kíláàsì wa àtijọ́, kí a pè é kí a gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí olè a máa gba àkáǹtì olówó.

Èkejì: níbo ni èrè náà ti ń wá? Bí ẹni tí ń polówó rẹ̀ kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ láìmẹ́nu kan mímú ènìyàn tuntun wá, kí a kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ̀kẹta: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà? Ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ 12 náà, páásìwọ́ọ̀dù, tàbí nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù. Ẹ ka orúkọ ojú ewé lẹ́tà lẹ́tà kí ẹ tó wọlé, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo ni àwọn oníjìbìtì fi ń yí i padà. Bí owó bá sì ti lọ, ẹ ṣọ́ra fún ẹni tí ó bá ní òun yóò bá yín gbà á padà bí ẹ bá san owó díẹ̀. Olè kejì ni ó sábà máa ń jẹ́.

Ẹ̀kẹrin: bí gbogbo rẹ̀ bá ṣègbé, ṣé ọmọ yóò ṣì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣé ìkòkò yóò ṣì wà lórí iná? Owó ilé-ẹ̀kọ́, owó oúnjẹ, owó háyà, owó ìjọ àti owó ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìkáwọ́ wa kì í ṣe owó tí a ń fi wọ irú ọjà yìí.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá fún ìmọ̀. Ìṣirò àti ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni ó gbé blockchain ró, àwọn ọmọ wa sì lè fi ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹun lọ́nà tí ó mọ́. Kí wọ́n kọ́ ọ dájú. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kì í já wálẹ̀ ní òru ọjọ́ kan.

Ní ti ọmọ tí ó bi mí ní ìbéèrè, mo sọ fún un pé àwọn ilé pàṣípààrọ̀ ńláńlá pàápàá kì í gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Lẹ́yìn náà ni mo bi í ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí. Ó dáhùn èkíní pé òun kò mọ ilé ẹni náà. Orí fóònù ni wọ́n ti pàdé. Kò dúró dáhùn àwọn tí ó kù. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó lọ sí ọ́fíìsì akápò, ó sì san owó ìdánwò rẹ̀. Kí Olúwa fún gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ní ọgbọ́n tí ń pa owó mọ́, àti òótọ́ inú tí ń mú kí owó ní ìbùkún.